Ìgbà Mọ́kàndínlógún Tí Mo Wúkọ́

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mo sì ń wo eré ìfẹ́ àwọn ará Jàpáànù. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó yáa tètè rín in tán, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ogójì ọdún ni mo fi to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé. Lẹ́tà òjé ni, ọwọ́ la fi ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà ìwé kì í fà. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa yọ. Mo mọ ọ̀rọ̀ yọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìdánudúró. Wọ́n ní bí mo bá ti lanu, gbólóhùn ti parí. Mo fẹ̀yìn tì, orúkọ náà ò fẹ̀yìn tì.

Gbọ̀ngàn àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́. Àtẹ̀gùn méjìlélógún lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Ogójì àga oníke ló wà níbẹ̀, àti fáànù méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri. Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ ẹni tó ni wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́rú, láago mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán, “Eré Òkèèrè” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ni Eré Òkèèrè. Èmi àti Ìyá Ẹlóò.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ẹlóò fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, láyé ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ kó tó lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Òun ni ẹnì kan yẹn. Okùn ló fi ń so ìlà ẹni tó ń pè mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. Títí dòní, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn, “Ẹlóò” ló máa kọ́kọ́ sọ.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, kò rí ojú èèyàn. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dókítà eyín, ló ń gbé. Ọmọ náà máa ń gbé e wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Láwọn ọjọ́ yòókù, inú yàrá ló ń wà, ó dojú kọ fèrèsé tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Bí ẹni ń ka nọ́ńbà ló ṣe sọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ń dá wo eré tèmi lọ́jọ́rú kan, ó wá jókòó tì mí.

“Kí ni wọ́n ń sọ?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Kí ni wọ́n ń sọ?”

Èdè Jàpáànù ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Mo bá ń kà á fún un ní Yorùbá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà á. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún méje. Ọkọ tirẹ̀ ti kú láti mọ́kànlá. A ò sọ ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Jàpáànù. Ìdí rẹ̀ ni pé apá mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni, ó sì tán. Kò sí òkú tó máa jí dìde ní apá ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í pariwo. Inú ọkùnrin á bàjẹ́, á dúró, á tẹríba, á gba ọ̀nà ilé lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìyẹn, mo ní: àwọn èèyàn mi rèé.

A ti wo mẹ́ta tán kí wàhálà tó dé. Orúkọ tí àwa méjì fún wọn ni mo máa lò, nítorí tiwọn ò rọ̀ mí lẹ́nu.

Èkíní ni Ibùdó Kékeré. Obìnrin kan ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan létí òkun. Ọkọ̀ kan péré ló ń kọjá lójúmọ́, ìṣẹ́jú kan ló sì ń dúró. Òun àti awakọ̀ rẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú kan yẹn mọ ara wọn. Èkejì ni Àwo Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ń gbé lókè, ọkùnrin alásè kan wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò yá. Obìnrin náà ò fẹ́ dá àwo padà lófìfo. Bí àwo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni Òjò Ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kan ń lọ gé irun ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí obìnrin tó ń gé e. Òjò máa ń rọ̀ lọ́jọ́ náà ṣáá. Nígbà tó fi máa di apá kẹsàn-án, irun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀.

Lójú tèmi, Òjò Ọjọ́ Ẹtì ló ṣíwájú. Ìyá Ẹlóò ò gbà.

“Ẹ̀kẹta ni, Ìdánudúró! Ká ní ẹ̀kẹrin wà, ẹ̀kẹrin ni. Ọkùnrin tó ń gé irun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu? Òkúta tó ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ nìyẹn. Awakọ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú kan péré, ó sì rí nǹkan sọ.”

“Ó ní tirẹ̀ lọ́kàn.”

“Ọkàn! Ta ló ń gbọ́ ọkàn? Ẹni tó bá pè mí lórí tẹlifóònù tó wá ń mí lásán tí ò sọ̀rọ̀, mo máa ń yọ okùn rẹ̀ ni.”

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Ọjọ́rú tí wàhálà dé, a ń tún àwọn apá Òjò Ọjọ́ Ẹtì tó wù mí wò. Nítorí ariwo fáànù, mo máa ń sún mọ́ etí Ìyá Ẹlóò kí n tó kàwé. Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́yìn wa, ó ń ta dírááfù. Ọkọ̀ èrò ńlá ló fi ọgbọ̀n ọdún wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fẹ́ fi wákàtí wa wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọmọ Ìyá Ẹlóò tètè dé lọ́jọ́ náà. Dẹ́rẹ́bà rí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Dókítà, ẹ kú ọ̀sán o! Ẹ rọra wọlé, ẹ má dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni Ìdánudúró ń sọ sí màmá yín létí.”

Àwọn tó ń ta dírááfù bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró níwájú mi. Ó ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń sọ fún màmá mi?”

“Mo ń kàwé fún un.”

“Ìwé wo?”

Mo na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó wò ó. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń wo ara wọn nínú díńgí.

“Ní ọjọ́ orí yín, bàbá?”

“Ọjọ́ orí mi ò dí mi lójú.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu aláìsàn kan lánàá, bí mo ṣe yọ ọwọ́ báyìí, ó ní ìgbà wo la máa ṣe ìgbéyàwó màmá. Wọ́n ń fi ìyá mi ṣẹ̀sín.”

“Ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín wà níbí,” ni Ìyá Ẹlóò wí. “Kò sì tíì ké.”

Ọ̀gá Tíṣà, alága wa, lu agogo. Agogo ilé ìwé rẹ̀ ló gbé wá láti ibi iṣẹ́. Bó bá lù ú, ìjọ̀ngbọ̀n ẹni àádọ́rin ọdún á dákẹ́ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa parí ẹjọ́ náà. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Dẹ́rẹ́bà á sọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ wo ẹ̀ṣẹ́. Èmi á sọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ wo eré Jàpáànù, èwo ló dára jù nínú wọn, kí ló sì fi dára ju àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà a ó nawọ́ dìbò.

“Ìṣẹ́jú márùn-ún fún Ìdánudúró!” ni Dẹ́rẹ́bà wí. “Ẹ fún un ní ìdajì, kó má baà sùn lọ níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀.”

Dókítà ní òun náà gbà. Bí ẹgbẹ́ bá nawọ́ pé nǹkan iyì ni, òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọn ò bá nawọ́, ìyá òun ò tún ní gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ láti wá di ẹni ẹ̀rín. Yóò máa jókòó sílé.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá Ẹlóò fọwọ́ kan apá mi.

“Àwa méjì la máa sọ ọ́,” ó ní. “Èmi á sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á fi ìdánudúró sí i.”

Lọ́jọ́ Ẹtì a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti múra. Dẹ́rẹ́bà àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, torí náà fóònù mi la lò. Mo fi okùn etí kan sí etí rẹ̀, mo fi èkejì sí tèmi. Apá kẹsàn-án Òjò Ọjọ́ Ẹtì ló ní kí n gbé sí i, kó lè fi han gbogbo ayé bí ọkùnrin yẹn ṣe jẹ́ òkúta tó.

N kò ro nǹkan kan. Nínú gbọ̀ngàn, fáànù ń dún. Nínú okùn etí, kò sí fáànù.

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Mo ka tèmi. Ìyá Ẹlóò gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dá a padà.”

Mo dá a padà.

“Ẹ kà á.”

“‘Mo tún ti dé.’”

“Ẹ dá a padà.”

Mo tún dá a padà. Ó di ojú méjèèjì. Bó ṣe máa ń di í nídìí okùn tẹlifóònù rẹ̀ nìyẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

“Ọkùnrin yìí mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ibo ni ìyókù wà?”

Mo wúkọ́.

“Ikọ́ yẹn! Mo mọ ikọ́ yẹn. Nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń sọ nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: sukí. Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, ẹ ó wúkọ́. Mo rò pé eruku ni. Kí ni sukí?”

Mo wo àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Mo wò ó.

“Ìfẹ́ ni. Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Ó sọ ọ́?”

“Ó sọ ọ́.”

“Ìgbà mélòó lẹ ti gé e?”

“Mọ́kàndínlógún. Méjì ní Ibùdó Kékeré, mẹ́rin nínú Àwo, mẹ́tàlá nínú èyí.”

“Ẹ tún ka iye rẹ̀!”

“Mo máa ń ka iye ohun tí mo bá yọ. Iṣẹ́ ni.”

Nígbà náà ni mo sọ ìyókù fún un. Ọkùnrin tó ń gé irun yẹn kì í ṣe òkúta. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ ọ́, àmọ́ ìgbà tí obìnrin náà ò bá lè gbọ́ nìkan ni: nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun bá ń dún, nígbà tí òjò bá ń lu páànù, nígbà tí gíláàsì bá wà láàárín wọn. Gbogbo adùn eré náà nìyẹn. Àwa tó ń wò ó ń gbọ́, obìnrin náà ò gbọ́. Èmi ni mo sọ Ìyá Ẹlóò di ẹnì kejì tí ò gbọ́.

Ó yọ okùn kúrò létí.

“Ìgbà tí mo fi ń bú u, ẹ̀ ń gbọ́?”

“Mo ń gbọ́.”

“Mo pè é ní òkúta. Mo gbé e sí ẹ̀kẹta. Ìwọ ni òkúta.” Kò pè mí ní ìwọ rí. “Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo gbọ́ ọkọ tó ń bú ìyàwó. Mo gbọ́ ọmọ tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá náà ò sì fèsì. Ojú tì mí nígbà míì débi pé mo fi ọwọ́ bo ojú. N kò fi ọwọ́ kan okùn. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe tìẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán ẹ. Kí ló dé tó o gé e?”

“Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló máa gbà dé etí yín.”

“Ojú ń tì ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọmọ mi jàre nìyẹn. Bó bá jẹ́ nǹkan ìtìjú lójú ìwọ tó ń kà á, kí lo fẹ́ sọ fún wọn lọ́jọ́rú?”

Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri.

“Dá sọ ọ́,” ó ní. “N kì í bá ẹni tó ń gé ìlà ṣiṣẹ́.”

Mo délé. Mo mú ìwé. Mo wá àwọn ibi mọ́kàndínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ wọ́n sílẹ̀ ní Yorùbá, odindi, n kò yọ nǹkan kan. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè nínú yàrá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo tún wúkọ́. Mo mu omi. Mo tún un kà.

Mo rántí ìyàwó mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì la fi gbé pọ̀. N kò ní kọ ohun tí mo sọ fún un nípa ìfẹ́ síhìn-ín, nítorí pé kò sí ohun tí mo sọ. Mo máa ń fi pólíìṣì nu bàtà rẹ̀ kó tó jí. Mo rò pé ó mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó mọ̀. N kò lè bi í mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, mo lè ka mọ́kàndínlógún náà láìwúkọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò gun àtẹ̀gùn náà gùn ún lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Ẹlóò wà ní ìlà ẹ̀yìn, àpò rẹ̀ wà lórí itan, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn. Kò kí mi. Mi ò retí kó kí mi.

Dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ṣẹ́ ò nílò ògbufọ̀! Bó bá balẹ̀, gbogbo wa á gbọ́. Ẹ wo eré tí Ìdánudúró ń wò. Apá mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wo ara wọn lójú. Ní apá kọkànlá, wọ́n á wá di ara wọn lọ́wọ́ mú. Bí ọkọ̀ mi bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ibùdó, èrò ò ní sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn ni? Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, agogo á dún, ẹnì kan á ṣubú, a ó lọ sílé.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. N kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ọ̀gá Tíṣà na ọwọ́ sí mi. Mo dìde, mo mú ìwé mi dání.

“Eré mẹ́ta ni,” ni mo wí. “Bí ẹ bá fẹ́ kí inú yín dùn, ẹ wo Àwo Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀. Wọ́n ń jà, wọ́n ń parí rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Apá kẹfà fà díẹ̀. Ẹ fò ó. Bí ẹ bá fẹ́ sunkún, ẹ wo Ibùdó Kékeré. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ní lójúmọ́, wọn ò fi ìkankan ṣòfò. Àbùkù rẹ̀ ni pé awakọ̀ náà dára jù, ọkọ̀ rẹ̀ ò pẹ́ rí.”

Ẹnì kan ní, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ gbọ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Èyí tí mo fi ṣíwájú ni Òjò Ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Ẹlóò fi í ṣe ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ọkùnrin inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́. Èmi ni mo ń kà á fún wọn, èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ìgbà mẹ́tàlá ló sọ fún obìnrin yẹn pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlá ni mo wúkọ́ bò ó, nítorí ojú yín.”

Fáànù nìkan ló ń dún.

“Ojú yín ò tì mí mọ́. Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, apá kẹsàn-án. Ẹ pa fáànù yẹn.”

Ọ̀gá Tíṣà tẹ rìmóòtù. Ẹnì kan pa fáànù. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ilé ìgérun ti ti ilẹ̀kùn, obìnrin náà ń gbálẹ̀ nínú. Ọkùnrin náà dúró níta lẹ́yìn gíláàsì, agboòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò wo ìwé mi. N kò tún rẹ ohùn sílẹ̀. Mo kà á kí ó dé ìlà ẹ̀yìn.

“‘Mo tún ti dé. Kò sí irun tó o máa gé mọ́ lórí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ní kí n dúró ní oṣù méjì kí n tó padà wá. Mo ka ọjọ́ náà. Mi ò lè dúró ní ọjọ́ mẹ́jọ.’”

Àwọn obìnrin iwájú tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn dáwọ́ dúró.

“Bàbá,” ni dókítà wí láti ẹ̀yìn. “Bàbá, ó ti tó.”

“‘Bí o bá gbójú sókè báyìí, wàá rí mi. Má gbójú sókè. Bó o bá gbójú sókè, ọ̀rọ̀ mi á tán.’”

“Ọ̀gá Tíṣà, ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì pé ni?” ni dókítà tún wí.

Ọ̀gá Tíṣà mú agogo. Mo wò ó.

“Ẹ lù ú bó bá wù yín,” mo ní. “Mi ò ní jókòó. Ó ku gbólóhùn kan.”

Ó gbé agogo náà sórí itan. Kò lù ú.

“‘Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.’”

Òjò ń rọ̀ lára gíláàsì. Obìnrin náà ń gbálẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ,” ni mo wí.

Mo jókòó.

Nígbà tí wọ́n nawọ́, mẹ́tàdínlógún ló nawọ́ fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́rìnlá fún wa. Ọ̀gá Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó fẹ́ kó yí padà. Kò yí padà. Wọ́n fi gègé fa ìlà sórí “Eré Òkèèrè” lára ìwé ògiri.

Dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìdánudúró. Olórí pípá yẹn. Ṣé obìnrin náà padà gbọ́?”

“Wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́rú.”

“Mo ní ẹ̀ṣẹ́ láti wò lọ́jọ́rú.”

“O ò ní gbọ́ nìyẹn.”

Ó họ orí. Ó ṣì ń họ ọ́ nígbà tí mo kọjá lára rẹ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn. Dókítà ti mú ìyá rẹ̀ lápá.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ti dìbò. A ti fẹnu kò.”

“Ìwọ lo fẹnu kò. Mo fẹ́ bi bàbá yìí ní nǹkan kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo ní aláìsàn tó ń dúró.”

“Àwọn èèyàn ńlá ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí ìlà, mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n dúró. Ìwọ náà dúró.”

Ó dúró. Ìyá Ẹlóò kọjú sí ibi tí mo wà. Kò rí mi. Ibẹ̀ gan-an ló ṣì kọjú sí.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkùnrin yẹn sọ sukí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni.”

“Lẹ́yìn rẹ̀, òjò nìkan ni mo gbọ́. Kò sọ nǹkan kan mọ́.”

“Kò sọ nǹkan kan mọ́.”

“Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì ní Yorùbá. Ta ló ni èkejì?”

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ń dún lọ́wọ́ dókítà dákẹ́. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dúró síbi tí wọ́n wà. Ọ̀gá Tíṣà wà lẹ́yìn mi. Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀fun mi ń yún mi. N kò wúkọ́.

“Èmi ni mo ni ín.”

Ó gbọ́ ọ. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Òjò Ọjọ́ Ẹtì ti di ìkíní,” ó ní. “Ọjọ́rú, láago mẹ́ta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti apá kìíní ni a máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan.”

“Màmá!” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Mo ti ní n kò ní gbé yín wá síbí mọ́.”

“Mo gbọ́. Etí kọ́ ló ń dùn mí. Dẹ́rẹ́bà!”

“Ìyá!”

“Ṣé o ṣì mọ ọkọ̀ wà?”

“Mi ò gbàgbé o, ìyá. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjì ni mo ń dúró ní ibùdó. Ẹ tètè máa múra.”

Dókítà wo Dẹ́rẹ́bà, ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń ka àtẹ̀gùn bó ṣe máa ń kà á. Ó ka méjìlélógún, kò fi ìkankan sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé èwo ni kó kọ́kọ́ wò nínú eré ìfẹ́ àwọn ará Jàpáànù, ẹ ní Ìdánudúró ní Òjò Ọjọ́ Ẹtì ni. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kà á fún wọn, ẹ kà á tán.